Ọmọ mi ní Goth lòun: ṣé ẹgbẹ́ òkùnkùn ni?

Ìyá kan tó ń gbé ní England ló béèrè. Ó ní ọmọbìnrin òun ti ń wọ dúdú láti orí dé ẹsẹ̀, ó ń kun ètè dúdú, ó ń lé tìróò gàdàgbà, ó sì fi àgbélébùú kan tí orí rẹ̀ rí roboto kọ́rùn. Ọmọ náà ní Goth lòun. Ìyá wá fẹ́ mọ̀ pé ta ló kú, ṣé ẹgbẹ́ òkùnkùn sì ni wọ́n.

Ẹ kú àníyàn ọmọ, mà. Kò sẹ́ni tó kú. Ẹgbẹ́ òkùnkùn kọ́ sì ni, torí wọn kò ní olórí, wọn kì í mulẹ̀, ẹni tó bá sì sú lè fi í sílẹ̀ lọ́la láìsí pé ẹnikẹ́ni bi í léèrè. Orin ló kó wọn jọ. Aṣọ tí ẹ̀ ń wò yẹn, ẹ̀yìn orin ló dé.

Ìparí àwọn ọdún 1970 lorin náà bẹ̀rẹ̀ ní England, nígbà tí ariwo pọ́ńkì, ìyẹn orin gìtá oníkánjú àwọn ọ̀dọ́ ọlọ̀tẹ̀, ń rọlẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kan tó ti inú pọ́ńkì jáde fa orin náà sẹ́yìn díẹ̀, wọ́n ní kí gìtá béèsì ṣíwájú, kí gìtá yòókù máa dún bí ohun tó ń bọ̀ láti inú ihò, wọ́n sì ń kọrin nípa ikú, ẹ̀rù àti ìfẹ́ tó dàrú. Ní oṣù kẹjọ 1979, Bauhaus, àwọn olórin láti Northampton, gbé orin kan jáde tó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Orúkọ Bela Lugosi ni wọ́n fi kọ ọ́, òṣèré ọmọ Hungary tó ṣe Dracula, òkú inú ìtàn tó ń jí mu ẹ̀jẹ̀ èèyàn, nínú sinimá 1931. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé orin yẹn ló ṣílẹ̀kùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Siouxsie and the Banshees ti wà lórí ìtàgé ní London ṣáájú wọn. Ní oṣù keje 1982, ilé ijó Batcave ṣí ní Soho, ibẹ̀ sì ni ojú àtíkè, irun gogoro àti ìbọ̀sẹ̀ oníhò bí àwọ̀n ti di ohun tí gbogbo ayé fi ń dá wọn mọ̀. Ní Leeds, The Sisters of Mercy kò tilẹ̀ wá onílù: ẹ̀rọ ló ń lùlù fún wọn, wọ́n sọ ẹ̀rọ náà ní Doktor Avalanche, wọ́n sì kà á mọ́ ara wọn. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé Andrew Eldritch, olórí wọn, kò gbà títí dòní pé Goth lòun.

Ní ti dúdú, ẹ kò ṣìnà pátápátá tí ọkàn yín bá lọ sọ́dọ̀ opó. Ọbabìnrin Victoria pàdánù Albert ọkọ rẹ̀ ní 1861, kò sì bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ títí òun náà fi wàjà ní 1901. Ní ìgbà ayé rẹ̀, ọ̀fọ̀ di oge ní England: ìbòjú léèsì, ìbọ̀wọ́ dúdú, ẹ̀gbà ọrùn tí wọ́n fi jet gbẹ́, ìyẹn igi àtayébáyé tó ti di òkúta dúdú tó ń dán. Jet tó lókìkí jù, Whitby ló ti ń wá, ìlú etí òkun kan ní Yorkshire. Ìlú yẹn kan náà ni Bram Stoker mú ọkọ̀ Dracula gúnlẹ̀ sí nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1897. Ẹ ò rí i pé kò yani lẹ́nu pé láti 1994 ni àwọn Goth ti ń péjọ níbẹ̀. Ìpéjọ wọn tó tóbi jù, Leipzig ní Jámánì ló wà, láti 1992, nǹkan bí ọ̀kẹ́ kan èèyàn ló sì máa ń dé ibẹ̀. Àsìkò Pẹ́ńtíkọ́sì gan-an ni wọ́n ń ṣe é. Ẹ má sọ fún pásítọ̀.

Wọn kò rí bákan náà o. Ní Los Angeles, deathrock ni tiwọn, orin tó ṣì sún mọ́ pọ́ńkì dáadáa, aṣọ rẹ̀ a sì máa ya jákujàku. Christian Death ló síwájú níbẹ̀. Orúkọ yẹn nìkan tó láti mú ìyá ìjọ gbààwẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìdílé Onítẹ̀bọmi ni wọ́n ti tọ́ Rozz Williams tó dá a sílẹ̀. Àwọn kan fẹ́ ohùn tó rọ̀ bí ìkùukùu, bíi ti Cocteau Twins láti Scotland, tí Elizabeth Fraser ń kọrin tí ẹnikẹ́ni kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ já. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń wọ́lẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀. Cybergoth ní tirẹ̀ ń jó orin ẹ̀rọ, pẹ̀lú irun aláwọ̀ ewé tó ń tàn yanran àti awò ojú bíi ti jórinjórin. Ọ̀pọ̀ àgbà Goth kò kà wọ́n kún, èmi náà kò sì dá wọn lẹ́bi.

Ibi tí àwọn òbí ti sábà ń ṣì í ni pé gbogbo ọmọ tó bá wọ dúdú, Goth ni wọ́n ń pè é. Emo, orin tó ti inú pọ́ńkì jáde tó ń sọ ẹ̀dùn ọkàn, kì í ṣe Goth. Hẹ́fì mẹ́tàlì, orin gìtá tó ń ké ramúramù, kì í ṣe Goth, àfi ibi tí àwọn bíi Paradise Lost láti Halifax ti da méjèèjì pọ̀ ní 1991. Ẹni tó pe Marilyn Manson, olórin rọ́ọ̀kì ará Amẹ́ríkà, ní olórin Goth dà bí ẹni tó pe Ebenezer Obey ní olórin fújì. Ẹ bi ọmọ yín pé ta ló ń gbọ́. Ìdáhùn rẹ̀ á fi ibi tó wà hàn ju aṣọ rẹ̀ lọ.

Àgbélébùú olórí roboto yẹn, ankh ni, àmì ìyè àwọn ará Íjíbítì àtijọ́. Sinimá kan tó jáde ní 1983, The Hunger, ló gbé e sọ́rùn àwọn Goth. Àwọn Bauhaus náà ló ń kọrin níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kì í ṣe oògùn, kì í sì í ṣe ìmùlẹ̀.

Tí ọmọ bá ṣíwọ́ oúnjẹ, tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́, ìyẹn ọ̀rọ̀ dókítà, yálà dúdú ló wọ̀ tàbí funfun. Ẹ̀rù tó yẹ kó bà yín ju ti orin lọ ni ti àwọn tó wà níta. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, ó sì ti la ẹ̀mí lọ. Ní oṣù kẹjọ 2007, àwọn ọ̀dọ́ kan ṣùrù bo Sophie Lancaster, ọmọ ogún ọdún, àti ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ nínú ọgbà ìgbafẹ́ kan ní Bacup, Lancashire, nítorí ìmúra wọn nìkan. Ọkùnrin náà yè é. Sophie kò yè é. Ní 2013, àwọn ọlọ́pàá Greater Manchester bẹ̀rẹ̀ sí í kọ irú ìkọlù bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwà ọ̀daràn ìkórìíra, bí wọ́n ṣe ń kọ ti ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Nítorí náà, bí wọ́n bá bú ọmọ yín tàbí tì í lójú pópó, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, kí ẹ sì sọ ọ́ tààrà pé nítorí aṣọ Goth ni, kí wọ́n lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ tí ọlọ́pàá àdúgbò yín bá ń ṣe é.