Ẹ sọ ti ibà alẹ́ àkọ́kọ́ fún bàbá yín kí wọ́n tó na apá

Ẹ bi mí léèrè ohun tí ẹ lè ṣe kí bàbá yín lè gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà, nítorí bàbá ní abẹ́rẹ́ tí wọ́n ṣe jáde láàárín ọdún kan, iṣẹ́ wàdùwàdù ni. Mo wà lára àwọn tó ń kọ orúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn alábọ́dé kan ní Ìbàdàn lọ́dún 2021, lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ AstraZeneca tó lé ní mílíọ̀nù 3.9 gúnlẹ̀ sí Àbújá ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta.

Màmá kan tó ń ta ẹ̀lùbọ́ nítòsí gba abẹ́rẹ́ níṣojú mi, a kò sì sọ fún wọn pé apá lè ro wọ́n, tàbí pé ibà lè dé lálẹ́. Gbogbo òru ni wọ́n fi gbọ̀n bí ẹni tí òjò pa. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ọ̀rọ̀ ti délé dóko pé abẹ́rẹ́ ti fẹ́ pa ìyá ẹlẹ́lùbọ́. Ibà náà lọ ní ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kò wá mọ́. Ènìyàn 10 ni ìgò abẹ́rẹ́ náà kan wà fún nígbà náà, bí a bá sì ti ṣí i, kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 6. Nítorí náà, bí ẹni mẹ́ta péré bá wá, à ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dúró de àwọn yòókù, títí wọn yóò fi bá tiwọn lọ.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún màmá náà, mo sì ṣàlàyé pé ara tó ń kọ́ bí yóò ṣe bá àrùn náà jà ló fa ibà yẹn. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Bí ẹ bá ti sọ fún mi ni, ṣé n ò ní ra Panadó sílẹ̀ ni?" Nígbà tí àsìkò abẹ́rẹ́ kejì tó, àwọn ni wọ́n kó àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wọn lọ́jà wá, ohun tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí a fi ń pe àwọn ènìyàn kò lè ṣe.

Ìbéèrè gidi ni bàbá yín ń béèrè, ẹ má ṣe bá wọn jà. Ẹ sọ fún wọn pé láti ìgbà tí SARS, àrùn èémí tó jẹ́ ìbátan kòrónà, ti bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 2002 ni àwọn onímọ̀ ti ń wádìí irú kòkòrò àrùn yìí, àti pé owó tí àwọn ìjọba kó sílẹ̀ ṣáájú ló jẹ́ kí wọ́n máa ṣe abẹ́rẹ́ náà lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ṣì ń dán an wò lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Lẹ́yìn náà, ẹ bá wọn lọ láàárọ̀, ẹ ra Panadó sílẹ̀, kí ẹ sì sùn sílé wọn lálẹ́ ọjọ́ náà.