Àwòrán Mi Ń Dà Bí Pátákó Ìpolówó: Kí Ni Kí N Ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo fẹ́ràn láti máa kọ ọ̀rọ̀ sínú àwòrán mi, ṣùgbọ́n bí àwọn èèyàn bá ti kà á tán, wọ́n á kọjá lọ. Báwo ni ọ̀rọ̀ náà ṣe lè di àwòrán gan-an?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtara. Ojú tó ti mọ̀wé kà kì í rí lẹ́tà mọ́. Ìtumọ̀ ló ń sáré lọ bá. Ẹ ní láti dá a dúró díẹ̀, kó lè tún rí ìlà, àlàfo àti ọ̀dà.

Ẹ wo ohun tí Glenn Ligon, ará Amẹ́ríkà, ṣe lọ́dún 1990. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló yàn látinú àròkọ tí òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà náà, Zora Neale Hurston, kọ lọ́dún 1928, lórí bí obìnrin náà ṣe máa ń mọ̀ ọ́n lára jù pé aláwọ̀ dúdú ni òun nígbà tó bá bá ara rẹ̀ láàárín funfun. Ligon fi páálí tí wọ́n gé ojú lẹ́tà sí kọ ọ́ ní àkọtúnkọ sára pátákó gíga bí ilẹ̀kùn, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọ̀dà dúdú tó lẹ̀ mọ́ páálí ń kó àbààwọ́n bá ìlà tó tẹ̀ lé e. Lókè, ẹ ó kà á ketekete. Nígbà tí ojú yín bá fi máa dé ìsàlẹ̀, àwọn lẹ́tà ti ń wọnú ara wọn, dúdú ti ń bo funfun mọ́lẹ̀. Ohun tí gbólóhùn náà ń sọ, ọ̀dà náà ń ṣe é. Nínú gbogbo irú iṣẹ́ yìí, òun ló wọ̀ mí lọ́kàn jù.

Xu Bing, ará Ṣáínà, ṣe tiẹ̀ lọ́tọ̀. Láàárín 1987 sí 1991, ó fọwọ́ gbẹ́ nǹkan bí 4,000 àmì sára igi, ó sì fi wọ́n tẹ ìwé. Gbogbo wọn jọ lẹ́tà Ṣáínà, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè kà wọ́n, títí kan òun alára.

Ní tiyín, ẹ dín ọ̀rọ̀ kù, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ ara yín kọ ọ́. Kí ọ̀dà tó gbẹ, ẹ dorí kánfáàsì náà kodò, kẹ́ ẹ sún sẹ́yìn wò ó. Bí kò bá fà yín mọ́ra nígbà tí kò ṣeé kà, ìtumọ̀ nìkan ló gbé e ró nìyẹn. Ẹ padà sídìí àlàfo inú àti ẹ̀gbẹ́ àwọn lẹ́tà náà, ẹ kùn ún bí ẹni ń kun ojú èèyàn. Lẹ́yìn náà, ẹ bo apá kan ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, kí ẹni tó ń wò ó lè parí rẹ̀ fúnra rẹ̀.