Èsì: C3 tàbí C4, èwo ni C àárín?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin akọrin Kàbà. Ẹ ní ìwé orin tó wá láti Ìsánlú ní kí báàsì bẹ̀rẹ̀ ní C3, àmọ́ C3 orí kíbọọ̀dù Yamaha yín ga jù fún wọn. Kò sẹ́ni tó ṣì í. Yamaha sábà máa ń pe C àárín (C tó wà nítòsí àárín dùrù) ní C3, Roland ń pè é ní C4, FL Studio, ètò orin orí kọ̀ǹpútà, ní C5 ni. Nọ́ńbà MIDI, ìyẹn nọ́ńbà tí ohun èlò orin oníná fi ń mọ kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan, ni kí ẹ dì mú: C àárín, 60 ni lọ́dọ̀ gbogbo wọn. C3 tí ẹni tó kọ ìwé orin Ìsánlú ń wí, 48 ni.

Lórí kíbọọ̀dù oníkọ́kọ́rọ́ 61, ẹ ka C láti ọwọ́ òsì, ìkẹta ni C àárín. Ẹ tẹ A tó tẹ̀ lé e lókè, kí ẹ gbé túnà orí fóònù sí i: 440 Hz ló yẹ kó kọ. Bó bá kọ 220 tàbí 880, ẹnì kan ti fọwọ́ kan bọ́tìnì octave, èyí tó ń gbé ohùn gbogbo kọ́kọ́rọ́ sókè tàbí sísàlẹ̀.

Ibi tó ń dààmú èèyàn jù: orí C ni nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà (bíi 3 inú C3) ti ń yí, kì í ṣe orí A. B3 ló wà nísàlẹ̀ C4 gan-an.

Bí ìwé bá ti Jámánì wá, B wọn ni B♭ wa, H wọn ni B wa. Ti sol-fa yàtọ̀ pátápátá. Bí kíì bá jẹ́ G, G ni d (doh).