Ẹ má tíì gbé e gun ẹṣin: ilẹ̀ ni kí ìgboyà ti bẹ̀rẹ̀

Mọ́mì, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ẹ ní ọmọ ọdún 14 ni, pé ó ní autism (ìyàtọ̀ nínú bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n fi bí i), ẹnu rẹ̀ kì í yá láàárín ẹgbẹ́, wọ́n wá ní kí ẹ mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹṣin ṣe ìtọ́jú kó lè ní ìgboyà. Ẹ bèèrè pé ọjọ́ wo ló máa gùn ún. Ẹ jẹ́ kí gígùn dúró ná. Ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 àkọ́kọ́, ilẹ̀ ni kó wà. Ọmọ tí wọ́n gbé sórí ẹṣin, tí ẹnì kan ń fa ẹṣin níwájú, tí àwọn méjì tún rìn tẹ̀ lé e lọ́tùn-ún lósì, ẹrù lásán ni. Ṣùgbọ́n kó dúró nílẹ̀, kó ní kí ẹran tó wúwo tó 450 kìlò sún sẹ́yìn, kí ẹran náà sún, òun ló ṣe é, ó sì mọ̀ pé òun ni. Ọmọ tó ti tó báyẹn tètè máa ń mọ ìyìn ẹnu lásán.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wádìí irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, torí nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ń fi orúkọ kan pè. Nínú hippotherapy, oníṣègùn iṣan tàbí ti ọ̀rọ̀ sísọ ló ń lo ìrìn ẹṣin fún ara ọmọ. Èkejì ni ẹ̀kọ́ ẹṣin gígùn fún ẹni tó ní ìpèníjà. Ẹ̀kẹta ni ìtọ́jú ọkàn: onímọ̀ nípa ọkàn àti ẹni tó mọ ẹṣin jọ ń ṣe é, ó sì lè má sí gígùn níbẹ̀ rárá. Èkejì tàbí ẹ̀kẹta lẹ ń wá. Bí ọmọ bá tún ní wárápá tí oògùn kò tíì kápá, tàbí Down syndrome (ipò àbímọ́ tó máa ń jẹ́ kí ọmọ lọ́ra láti kọ́ nǹkan), kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò kó tó gùn. Ti Down syndrome, eegun ọrùn ni wọ́n ń ṣọ́. Ẹ tún bèèrè bí ẹni tó máa gùn ṣe lè wúwo tó. Ọ̀pọ̀ ibi kì í jẹ́ kí ẹni tó gùn, pẹ̀lú gàárì, kọjá ìdá 20 nínú 100 ìwọ̀n ẹṣin, ìyẹn 90 kìlò fún ẹṣin 450 kìlò. Ẹ yanjú ìyẹn lórí fóònù, kó má jẹ́ pé ojú gbogbo èèyàn ni wọ́n ti máa sọ fún ọmọ pé ó ti wúwo jù.

Àṣíborí ló máa ń ba ọjọ́ àkọ́kọ́ jẹ́ jù. Okùn abẹ́ àgbọ̀n á máa rin ín lára, ariwo á dún mọ́ ọn létí, ó di ẹkún. Ẹ yá a wá sílé ṣáájú, kó dé e fún ìṣẹ́jú 2 níbi tó ti ń ṣe ohun tó fẹ́ràn, kẹ́ ẹ máa fi kún un títí dé 20. Ti kẹ̀kẹ́ kọ́; kó jẹ́ èyí tí wọ́n kọ àmì ti ẹṣin gígùn sí nínú, bíi ASTM F1163. Ẹ fi fọ́tò ẹṣin náà àti ẹni tó máa kọ́ ọ hàn án, kẹ́ ẹ sì kìlọ̀ fún un nípa òórùn.

Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú ẹṣin wà, nítorí náà kì í rí iwájú imú rẹ̀ gan-an àti ẹ̀yìn ìdí rẹ̀. Kó gba ọ̀nà èjìká òsì lọ bá a, kó sọ̀rọ̀ kó tó fọwọ́ kàn án. Etí tó nà síwájú ń wo nǹkan. Etí tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn pátápátá, inú ń bí i nìyẹn, kó sún kúrò. Ojú èèyàn lè máa rú ọmọ yín lójú, ṣùgbọ́n etí ẹṣin kì í sọ ohun méjì. Búrọ́ọ̀ṣì rọ́bà ni kó kọ́kọ́ mú, kó máa yí i roboto lọ́rùn, èjìká àti ẹ̀yìn, kì í ṣe lójú tàbí lójúgun. Lẹ́yìn ìyẹn, èyí tó le, kó tẹ̀ lé bí irun ṣe sùn. Èyí tó rọ̀ ni ti ojú.

Fífà á rìn ni ọkàn iṣẹ́ náà. Okùn tó gùn tó mítà 3 tó. Kó ká èyí tó ṣẹ́kù sínú àtẹ́lẹwọ́ òsì, kó má ṣe wé e mọ́ ọwọ́ láéláé: bí ẹṣin bá ta gìrì, okùn á fún ìka pa. Kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká rẹ̀, kó wo ibi tó ń lọ, kó tú èémí jáde, kó gbẹ́sẹ̀. Bó bá yíjú sẹ́yìn wo ẹṣin, ẹṣin á dúró, torí ara rẹ̀ ti dí i lọ́nà. Bó bá fi agbára fà á, ẹṣin á fà á padà, a sì mọ ẹni tó máa borí. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kó fa okùn díẹ̀, kó dúró, bí ẹsẹ̀ ẹṣin kan ṣoṣo bá ti sún, kó dẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Dídẹ̀ yẹn ló ń kọ́ ẹṣin.

Ibi tí àwọn olùkọ́ ti ń ṣì í ṣe rèé: wọ́n á dúró lẹ́yìn ọmọ, wọ́n á máa fi ẹnu pe ẹṣin kó lè rìn, kí inú ọmọ lè dùn. Ọmọ ń gbọ́. Bí olùrànlọ́wọ́ bá máa di okùn kejì mú fún ààbò, kó sọ fún un, kó sì jẹ́ kí okùn náà dẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa sọ̀rọ̀, ìtọ́ni kan lẹ́ẹ̀kan, kó ka 10 nínú kó tó tún un sọ. Mọ́mì, ẹ̀yin náà, ẹ jókòó sí ọ̀ọ́kán, ẹ má pariwo orúkọ rẹ̀. Kí àmì kan wà tó túmọ̀ sí “ó tó,” bíi ọwọ́ nínà sókè. Bó bá lò ó, kí gbogbo nǹkan dúró, kẹ́nikẹ́ni má bẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ tó bá jẹ́ pé omi nìkan ló bu fún ẹṣin, iṣẹ́ ni.

Nígbà tó bá wá gùn ún, dídúró ni kó kọ́ ṣáájú rírìn, àti bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀rù máa ń mú kí ẹsẹ̀ fún ìhà ẹṣin; ẹṣin á rò pé wọ́n ní kóun yára ni, á yára, ẹ̀rù á sì pọ̀ sí i.

Ẹ bèèrè ohun tí wọ́n ń ṣe bí ẹṣin tó mọ̀ bá ṣàìsàn. Kí wọ́n pè yín kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kì í ṣe kó dé ẹnu ilẹ̀kùn kó bá ẹlòmíràn níbẹ̀.