Kí ló ń gé sẹ́ẹ̀lì sí méjì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo wà ní Ìsánlú. Tísà wa ṣàlàyé bí krómósómù, àwọn fọ́nrán tó gbé àbùdá nínú sẹ́ẹ̀lì, ṣe ń pín. Kí ló wá ń gé ara sẹ́ẹ̀lì? Mi ò rí i nínú gbòǹgbò àlùbọ́sà tí a wò.

Ìdáhùn: Ìbéèrè gidi nìyí, ọmọ wa. Nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn, bí krómósómù bá ti lọ sí ìhà méjì, àwọn ọ̀pá tín-ín-rín tó ń jẹ́ máíkrótúbù á sàmì sí àárín. Ibẹ̀ ni fọ́nrán purotéènì tó ń jẹ́ áktínì á ti di òrùka lábẹ́ awọ sẹ́ẹ̀lì. Purotéènì mìíràn tó ń jẹ́ máyósìnì á máa fa fọ́nrán wọ̀nyí, òrùka á sì máa fún bí ìgbà tí a fa okùn ṣòkòtò.

Síbẹ̀, òrùka nìkan kì í gé e já. Afárá tẹ́ẹ́rẹ́ kan á ṣẹ́ kù, nǹkan bíi máíkrómítà 1 (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà kan) ní ìbú, tí máíkrótúbù kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí purotéènì ESCRT-III tó lọ́ yípo nínú rẹ̀, tí á sì já a. Bí krómósómù bá há sí afárá yìí, sẹ́ẹ̀lì méjèèjì lè padà di ọ̀kan, tó ní kóró (ilé krómósómù) méjì, pẹ̀lú krómósómù 92 dípò 46. Irú rẹ̀ lè ṣínà fún jẹjẹrẹ.

Àlùbọ́sà kò ní òrùka, nítorí ògiri sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ le, kò ṣe é fún. Àárín ló ti ń mọ ògiri tuntun bọ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́. Wá ibi tí kóró méjì ti kọjú síra. Wàá rí ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ láàárín wọn.