Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Omi Ni À Ń Sìn Kí A Tó Sin Ẹja

Mẹ́rin nínú àwọn lẹ́tà tí ẹ kọ sí wa lórí sísin ẹja ọ̀ṣọ́ nínú àpótí gíláàsì ni mo mú dáhùn lóṣù yìí. Èyí tí ó dùn mí jù ni mo fi ṣáájú, nítorí pé irú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó kọ ọ́ ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra àpótí gíláàsì kan fún àwọn ọmọ mi, ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, ó fẹ̀ ní 30, ó sì ga ní 30. Mo fọ̀ ọ́ dáadáa, mo pọn omi ẹ̀rọ kún un, mo sì kó ẹja kéékèèké 12 sínú rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Lọ́jọ́ kẹta omi náà funfun bí omi ògì. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kẹfà, ẹja méjì péré ló kù. Ẹni tí ó tà á fún mi ní omi mi ni kò dára, bẹ́ẹ̀ omi yìí náà ni gbogbo wa ń mu. Kí ni mo ṣe tí kò tọ́? *Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ìbàdàn.*

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá, ẹ sì bá mi rẹ àwọn ọmọ náà lẹ́kún. Kì í ṣe pé ẹ kò tọ́jú ẹja yín. Omi náà ni kò tíì gbó tí ẹja fi wọ inú rẹ̀.

Omi tí ó mọ́ tó fún ènìyàn láti mu lè má tíì ṣeé gbé fún ẹja. Bí ó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ ìjọba, ó ṣeé ṣe kí kílórìnì wà nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń pa kòkòrò àrùn, tí ó sì máa ń jó ara pupa tí ẹja fi ń mí lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ìyẹn kò ṣòro: bí ẹ bá pọn omi sílẹ̀ nínú garawa tí ẹ kò dé fún odidi ọjọ́ kan, púpọ̀ nínú kílórìnì náà yóò ti bá afẹ́fẹ́ lọ, oògùn olómi tí àwọn ọlọ́jà ẹja ọ̀ṣọ́ ń tà sì máa ń pa á lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n kílórìnì kì í sábà dúró di ọjọ́ kẹta kí ó tó pa ẹja. Amóníà ni mo fura sí.

Láti ibi tí ẹja ti ń mí gan-an ni amóníà ti ń jáde lára rẹ̀ jù lọ, oúnjẹ tí ó bá ṣẹ́kù sí ìsàlẹ̀ tí ó sì jẹrà a tún fi kún un. Nínú odò, omi pọ̀, ó sì ń ṣàn. Àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí sì wà lára òkúta àti iyanrìn tí wọ́n ń sọ amóníà di nitrite, tí àwọn mìíràn tún ń sọ nitrite di nitrate. Amóníà àti nitrite jẹ́ májèlé fún ẹja bí wọ́n tilẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n nitrate kò le bẹ́ẹ̀, àwọn ewé inú omi pàápàá ń jẹ ẹ́. Àpótí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ kò ní àwọn kòkòrò wọ̀nyí tó, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni wọ́n sì sábà máa ń gbà kí wọ́n tó pọ̀ tó láti gbọ́ bùkátà ẹja. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ògì ṣe yóò tètè lóye rẹ̀: a kì í rẹ àgbàdo ní àárọ̀ kí a mu ògì kíkan lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n bí a bá bu díẹ̀ nínú omi ògì ti tẹ́lẹ̀ sí i, yóò tètè kan. Bákan náà ni, bí ẹ bá ní ojúlùmọ̀ tí àpótí ẹja rẹ̀ ti pẹ́ tí ẹja inú rẹ̀ kò sì ṣàìsàn, ẹ tọrọ ẹyọ fóòmù kan láti inú fílítà rẹ̀, ìyẹn ohun tí ó ń sẹ́ omi inú àpótí, kí ẹ gbé e sínú tiyín nígbà tí ó ṣì tutù. Kò sí ẹ̀bùn tí ó dára ju ìyẹn lọ fún ẹni tí ó ń bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ní ìgbà mìíràn, ẹ to iyanrìn tàbí òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀, ẹ gbé fílítà onífóòmù sí i, ẹ pọn omi tí ó ti sùn mọ́jú, kí ẹ sì tan ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tí ó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi, láìsí ẹja kankan níbẹ̀. Ẹ máa ju oúnjẹ ẹja bíńtín sínú rẹ̀ lójoojúmọ́ kí ó lè jẹrà, kí àwọn kòkòrò náà lè rí amóníà jẹ. Ẹ ra ohun tí wọ́n fi ń dán omi wò. Ìgbà tí amóníà àti nitrite bá di òdo lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́kọ́ ga ni omi gbó. Omi tí ó funfun yẹn, kòkòrò irú mìíràn ni wọ́n ya bo oúnjẹ jíjẹrà. Yóò mọ́ fúnra rẹ̀, ẹ má ṣe da gbogbo omi nù nítorí rẹ̀. Ní ti ẹja méjì tí ó kù, ẹ máa pààrọ̀ ìdá mẹ́rin omi náà lójoojúmọ́, kí ẹ sì máa fún wọn ní oúnjẹ díẹ̀ ní ọjọ́ méjì-méjì, títí omi yóò fi gbó mọ́ wọn lára. Mo ní ìrètí pé wọn yóò yè é.

Ohun kan kù tí ẹ kò béèrè. Lítà 54 ni omi tí ó lè kún àpótí yẹn, èyí tí ó túmọ̀ sí kílógíráàmù 54 láìka gíláàsì àti òkúta mọ́ ọn. Ẹ má gbé e sórí àga onírọ́bà.

Ìbéèrè: Ọ̀gá, mo ní ọgbà ẹja àrọ̀ ní Ìjẹ̀bú, ó ti lé ní ọdún mẹ́jọ. Mo kó 20 nínú ẹja ọ̀ṣọ́ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní guppy sínú àpótí gíláàsì ní pálọ̀ mi, wọ́n sì ń ṣe dáadáa fún oṣù mẹ́ta. Lálẹ́ ọjọ́ kan, iná lọ láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, 14 ti kú. Àrọ̀ mi kò ní ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kankan, wọn kì í sì kú. Ṣé guppy kò lágbára ni? *Àgbẹ̀ ẹja.*

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá, Bàbá. Ìṣẹ̀dá àrọ̀ yàtọ̀ sí ti guppy. Àrọ̀ ní ẹ̀yà ara kan lókè ibi tí ó fi ń mí, èyí tí ó fi ń gba afẹ́fẹ́ tààrà nígbà tí ó bá yọjú sókè omi, bí ẹ ti máa ń rí wọn pé wọ́n ń ṣe. Guppy kò ní in. Ọ́síjìn tí ó bá yòrò sínú omi nìkan ni ó gbẹ́kẹ̀ lé. Omi gbígbóná kì í sì í gba ọ́síjìn púpọ̀: bí omi bá wà ní ìwọ̀n ooru 20, lítà kan lè gba nǹkan bíi mílígíráàmù 9, ṣùgbọ́n ní 30, tí omi inú ilé wa kì í jìnnà sí, nǹkan bí 7 àbọ̀ ni. Bí ewé bá tún wà nínú àpótí náà, lálẹ́, ewé pàápàá a máa gba ọ́síjìn ni, kì í fúnni.

Ẹ dín ẹja kù. Mẹ́jọ péré ni èmi yóò sìn nínú àpótí lítà 54 ní ilé tí iná rẹ̀ kò dájú, n kò sì ní fún wọn lóúnjẹ lálẹ́. Ẹ yan àpótí tí ó fẹ̀ dípò èyí tí ó ga, nítorí ojú omi ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré kan wà tí ó ń lo bátìrì. Ẹ ní i nílé. Bí kò bá sí, ẹ fi ife bu omi inú àpótí náà, kí ẹ máa dà á padà láti òkè fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má ṣe torí ẹja gbé jẹnẹrétọ̀ wọ inú ilé tàbí sí ẹnu fèrèsé. Èéfín rẹ̀ ti pa odidi ìdílé rí ní ilẹ̀ wa.

Àṣà kan láti inú ọgbà àrọ̀ tí ẹ kò gbọ́dọ̀ mú wọ pálọ̀ ni kí a máa gbẹ́ omi tán kí a sì bu tuntun. Ìdá mẹ́rin lọ́sẹ̀ kan ti tó. Inú omi tí ẹ bù jáde láti inú àpótí náà sì ni kí ẹ ti fọ fóòmù fílítà, kì í ṣe lábẹ́ ẹ̀rọ, kí kílórìnì má baà pa àwọn kòkòrò tí ẹ fi oṣù kan sìn.

Ìbéèrè: Ẹ káàsán mà. Ọmọ ọdún 15 ni mí. Mo ti tọ́jú owó láti ra goldfish méjì sínú abọ́ gíláàsì rìbìtì. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n ra betta. Èwo ni kí n rà? *Akẹ́kọ̀ọ́, Òṣogbo.*

Ìdáhùn: Ọmọ mi, má ra abọ́ rìbìtì yẹn. Goldfish lè gùn ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ, ó sì lè lò ju ọdún mẹ́wàá lọ láyé bí a bá tọ́jú rẹ̀; inú abọ́, ńṣe ni yóò máa jìyà títí yóò fi kú. Ẹja omi tútù sì ni, ooru wa kò bá a lára mu. Ọ̀rẹ́ rẹ gbà ọ́ níyànjú dáadáa. Betta, tí ó wá láti agbègbè Thailand, ń gba afẹ́fẹ́ lójú omi bíi ti àrọ̀, nítorí náà kì í bẹ̀rù kí iná lọ. Akọ kan ṣoṣo ni kí o rà, nítorí pé akọ méjì yóò bá ara wọn jà títí ọ̀kan yóò fi kú. Àpótí tí ó gba lítà 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó ní ìdérí nítorí pé ó ń fò, ni kí o fún un.

Nígbà tí ọwọ́ rẹ bá ti mọ̀ ọ́n, wá ẹja kan tí wọ́n ń pè ní kribensis. Odò gúúsù Nàìjíríà níbí ni wọ́n ti ń gbé, síbẹ̀ àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Ikùn abo rẹ̀ a máa pọ́n nígbà tí ó bá fẹ́ yé, inú ihò ni ó ń yé sí, ìkòkò amọ̀ kékeré tí a dojú rẹ̀ dé tí a sì fọ́ létí díẹ̀ ti tó o. Takọtabo ní í máa da àwọn ọmọ wọn káàkiri bí adìẹ ṣe ń da òròmọdìẹ. N kò tíì rí ohun tí ó wù mí wò jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú omi. Ó tún fẹ́ràn omi tí kò ní iyọ̀ òkúta púpọ̀, bí omi òjò àti ọ̀pọ̀ omi kànga wa ṣe rí, nígbà tí guppy máa ń fẹ́ kí a fi ẹ̀kúnwọ́ ìkarahun ìṣáwùrú tí a ti sè tí a sì fọ̀ sínú irú omi bẹ́ẹ̀ kí ara rẹ̀ tó mókun.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè fi ojúoró àti òṣíbàtà láti inú odò ṣe ọ̀ṣọ́ nínú àpótí ẹja ilé ẹ̀kọ́ wa? *Olùkọ́, Ẹ̀pẹ́.*

Ìdáhùn: Ẹ lè ṣe é, inú mi sì dùn pé ẹ ronú kan àwọn ewé tí ó ń lékè omi nínú ọfọ̀ àwọn baba wa. Gbòǹgbò ojúoró ń fa nitrate mu, àwọn ọmọ ẹja sì ń sá pamọ́ sí i; ẹ kàn má jẹ́ kí ó bo ju ìdajì ojú omi lọ. Òṣíbàtà ń fẹ́ iyanrìn tí ó jìn àti ìmọ́lẹ̀ tí ó pọ̀.

Ẹ má ṣe rán àwọn ọmọ wọ odò láti já a, nítorí àtọ̀sí ajá, tí kòkòrò rẹ̀ ń ti ara ìgbín omi jáde tí ó sì ń gba awọ ara ènìyàn wọlé. Kí àgbàlagbà fi igi fà á wá sí etí odò, kí ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí ó ṣan ewé náà léraléra, kí ó yọ gbogbo ìgbín àti ẹyin wọn kúrò, kí ó sì fi sínú garawa ọ̀tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tí ó bá pọ̀ jù, ẹ sá a sí oòrùn kí ó gbẹ pátápátá, kí ẹ sì sun ún. Ẹ má dà á sínú gọ́tà tàbí odò, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má tú ẹja ọ̀ṣọ́ sílẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́ ṣáà mọ ohun tí ewé elódòdó àlùkò yẹn, water hyacinth, ti fi ojú àwọn apẹja rí lórí ọ̀sà láti nǹkan bí ọdún 1984 tí wọ́n ti rí i ní agbègbè Bàdágìrì. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti wá, ẹwà òdòdó rẹ̀ sì ni àwọn ènìyàn tìtorí rẹ̀ gbé e kiri ayé.