Àgbàlagbà Ọmọ Onílẹ̀ Kánádà àti Ìwé Ẹ̀rí Girama

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé dandan ni kí àgbàlagbà ọmọ onílẹ̀ Kánádà (ìyẹn àwọn ẹ̀yà tó ti ń gbé ibẹ̀ kí àwọn òyìnbó tó dé) tó ń padà sí girama tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá o. Ní Manitoba, ìpínlẹ̀ kan ní Kánádà, ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 19 lè fi kírẹ́díìtì 8 péré (ìyẹn máàkì tí wọ́n ń fún ni fún ẹ̀kọ́ tí èèyàn bá parí) gba ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ṣètò fún àgbà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pe àwọn àgbàlagbà ọmọ onílẹ̀ yìí ní ọ̀lẹ: ìjọba àti ṣọ́ọ̀ṣì ló já àwọn òbí àti òbí àgbà wọn gbà lọ sí iléèwé tí àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fìyà jẹ ọmọ tó bá sọ èdè rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ìjọba tọrọ àforíjì lé lórí ní ọdún 2008. Abájọ tí ẹ̀rù kíláàsì fi ń ba ọ̀pọ̀ wọn títí di òní.